Ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ èrìgì àti àwọn ìjánu rẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tó máa ń jáde jù nìwọ̀nyí bí ọ̀rọ̀ bá kan èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀, eyín tó ń mì, àti ẹran tó ń sún kúrò lára eyín. Ìdí kan ṣoṣo ni mo ṣe kọ gbogbo rẹ̀ yí ẹ́ńsáìmù ká: kòkòrò ni gbogbo èèyàn ń bá jà, wọn ò mọ̀ pé ẹni tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ gan-an, ará ilé ni.

Kí ni ẹ́ńsáìmù?

Purotéènì oníṣẹ́ ni. Ohun tí ì bá gba ọjọ́ gbọọrọ kó tó ṣẹlẹ̀ nínú ara, òun ló ń jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ wàràwàrà. Èyí tó wà nínú itọ́ ń gé sítáàṣì, èyí tó wà nínú ikùn ń gé ẹran tí a jẹ. Àwọn tó ń gé purotéènì ló kàn wá níbí. Ẹ fi kiní kan sọ́kàn: ẹ́ńsáìmù kì í tán bó bá ti gé nǹkan kan. Á gé òmíràn, á tún gé òmíràn. Ìyẹn ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe ń ba ohun púpọ̀ jẹ́.

Kí ni wọ́n ń gé nínú èrìgì?

Kọ́lájìn ni. Òun ló ju ìdajì purotéènì inú ẹran èrìgì lọ. Okùn ni, fọ́nrán mẹ́ta tí a lọ́ mọ́ra wọn gírígírí, ìlọ́pọ̀ yẹn ni kò sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹ́ńsáìmù rí i gé.

Eyín kò lẹ̀ mọ́ egungun ní tààrà bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Fọ́nrán kọ́lájìn ló so ó rọ̀ sínú ihò rẹ̀: orí kan fọ́nrán wọnú gbòǹgbò eyín, orí kejì wọnú egungun. Ìyẹn ló fà á tí eyín fi máa ń rọ̀ díẹ̀ sísàlẹ̀ bí a bá rún ohun líle, tí kò kàn gbá egungun gbì. Bí okùn wọ̀nyí bá já lọ́kọ̀ọ̀kan, eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eyín fúnra rẹ̀ kò ní ihò kankan.

Ṣé kì í ṣe kòkòrò ló ń jẹ èrìgì ni?

Kòkòrò ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹni tó ń ba ilé jẹ́ jù nínú ìjà náà, ara wa fúnra rẹ̀ ni.

Bó ṣe ń lọ rèé. Ìdọ̀tí fẹ́lẹ́ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ eyín, èyí tí ahọ́n máa ń bá níbẹ̀ lówùúrọ̀ tó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́, bakitéríà ló kún inú rẹ̀. Bó bá pẹ́ níbẹ̀, oró rẹ̀ á máa wọnú èrìgì. Ara á wá rán sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ síbẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní neutrophil ló sì máa ń kọ́kọ́ dé. Wọn kì í wá lọ́wọ́ òfo. Láti ilé ni wọ́n ti di ẹ́ńsáìmù sínú àpò kéékèèké tó wà nínú wọn, bí ọdẹ tó ti ki ìbọn kó tó wọ igbó. Bí wọ́n bá kan bakitéríà, wọ́n á tú àpò náà. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n tú u sí, bakitéríà nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Okùn tó di eyín mú náà wà níbẹ̀. Bí ìjà bá parí láàárín ọjọ́ mélòó kan, ara á tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Bí ìdọ̀tí kò bá kúrò, ìjà kò ní parí, ọ̀bẹ kò sì ní dúró.

Ìwádìí méjì ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi dáadáa. Ní 1965, Harald Löe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aarhus, lórílẹ̀-èdè Denmark, ní kí èèyàn 12 tí èrìgì wọn dá ṣáṣá má fọ eyín mọ́. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21, èrìgì gbogbo wọn ti wú. Wọ́n padà sídìí fífọ eyín, wíwú náà sì lọ. Ó hàn nígbà náà pé ìdọ̀tí ló ń fà á. Ṣùgbọ́n Löe yìí kan náà tún wà lára àwọn tó fi nǹkan bí ọdún 15 tọpa ọkùnrin 480 tó ń ṣiṣẹ́ lóko tíì ní Sri Lanka, àwọn tí kò fọ eyín rí, tí ìdọ̀tí bo eyín gbogbo wọn. Èsì rẹ̀ jáde ní 1986. Ìpín 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn náà ń sáré jẹ, ìpín 81 ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ìpín 11 kò sì kọjá èrìgì wíwú lásán. Ìdọ̀tí kan náà, àìfọyín kan náà, ibi tí kálukú bá a lọ kò dọ́gba. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀, inú ara wọn ló wà.

Ẹ́ńsáìmù wo ló burú jù nínú wọn?

Ìdílé kan wà tí wọ́n ń pè ní MMP. Ara èèyàn ní 23 nínú wọn. Síǹkì ló wà lójú ọ̀bẹ gbogbo wọn. Láìsí síǹkì yẹn, ọ̀bẹ kò mú. Kálísíọ̀mù ló sì ń jẹ́ kí ara wọn dúró gírí. Ẹ má gbàgbé síǹkì yìí, a ó tún bá a pàdé níbi oògùn.

Inú ìrù ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ máa ń ní ìrù nígbà tó ṣì ń gbé inú omi, bó bá sì ń dàgbà, ìrù yẹn á pòórá. Ibo ló ń lọ? Ní 1962, Jerome Gross àti Charles Lapière gbé ẹran ìrù náà sórí kọ́lájìn, kọ́lájìn tó yí i ká sì yọ́. Ara ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ló ń jẹ ìrù ara rẹ̀. Mọ̀lẹ́bí ẹ́ńsáìmù yẹn ló ń jẹ èrìgì.

Nínú èrìgì tó ń ṣàìsàn, MMP-8 ni ọ̀gá. Inú neutrophil ló ti ń wá jù. Bó ṣe ń ṣe é nìyí: á wá ojú kan pàtó lára okùn kọ́lájìn, níbi tó jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gígùn rẹ̀, á sì gé fọ́nrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbẹ̀. Okùn á di gígùn kan, kúkúrú kan. Gígé kan yìí ló ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, torí bí okùn bá ti já báyìí, ooru ara nìkan tó láti tú ìlọ́pọ̀ rẹ̀, á sì dẹ̀ bí jẹ́látì. Nígbà náà ni MMP-9 àti MMP-2 á dé láti wá rún ohun tó kù wómúwómú. Iṣẹ́ àjọṣe ni: ọ̀kan gé igi lulẹ̀, àwọn yòókù là á sí wẹ́wẹ́. MMP-1 àti MMP-13 náà ń gé okùn bíi ti MMP-8, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì inú ẹran èrìgì fúnra rẹ̀ ló ń tú àwọn ìyẹn jáde.

Ọ̀bẹ yìí kì í jáde láìsí àkọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe MMP, ègé purotéènì kan máa ń bo ojú síǹkì náà. Àfi kí nǹkan kan bọ́ àkọ̀ yìí kúrò kí ó tó lè gé nǹkan.

Bakitéríà kò wá ní ọ̀bẹ tirẹ̀ ni?

Ó ní. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Porphyromonas gingivalis, ẹ́ńsáìmù rẹ̀ sì ń jẹ́ gingipain, oríṣi mẹ́ta. Ó lè gé purotéènì ara wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní tèmi, ìyẹn kọ́ ni ibi tó tóbi jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ibi tó tóbi jù ni pé ó ń bọ́ àkọ̀ kúrò lára MMP tiwa, ó tún ń gé àwọn ìjánu tó yẹ kó dá wọn dúró. Olè tó wọlé tó fi ọ̀bẹ onílé gún onílé ni. Ó tún ń gé purotéènì tí ara fi ń dá bakitéríà mọ̀, tí àwọn kòkòrò yòókù á fi ráyè gbé níbẹ̀.

Wọ́n ti ṣe oògùn tó ń dènà gingipain, atuzaginstat lorúkọ rẹ̀. Àìsàn ìgbàgbé ti Alzheimer ni wọ́n dán an wò fún, èsì tó jáde ní 2021 kò sì dé ibi tí wọ́n fojú sí.

Kí ni ẹ ń pè ní ìjánu?

Adènà ni, purotéènì tí ara ń ṣe láti dá ẹ́ńsáìmù dúró. Ọ̀nà tí kálukú wọn ń gbà ṣiṣẹ́ yàtọ̀ síra, ó sì dùn ún mọ̀.

TIMP ni èkíní. Oríṣi mẹ́rin ló wà. TIMP kan máa ń mú MMP kan, kò mú méjì. Á ki ara rẹ̀ bọ ojú síǹkì náà bí ìgbà tí èèyàn fi nǹkan dí ojú ọ̀bẹ. Ìṣirò ọjà ni ọ̀rọ̀ náà di: bí MMP bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, tí TIMP sì jẹ́ ọgọ́rin, ogún ọ̀bẹ ló wà nígboro. Nínú èrìgì tó gbádùn, iye méjèèjì bára mu. Nínú èyí tó ń ṣàìsàn, MMP ti kọjá TIMP.

Èkejì ni alpha-2-macroglobulin, ẹni ńlá tó ń gbé inú ẹ̀jẹ̀. Pàkúté gidi ni. Ó ní ìjẹ tó gbé sójú pàkúté, èyí tí ẹ́ńsáìmù á rí bí ohun tó yẹ kó gé. Bó ṣe gé ìjẹ náà báyìí, pàkúté á ré lé e lórí. Ẹ́ńsáìmù kò kú, ó wà nínú àhámọ́ ni, kò lè kan okùn kankan mọ́.

Ẹ̀kẹta ni alpha-1-antitrypsin. Òun kì í ṣe ìjánu MMP. Ti elastase ni, ẹ́ńsáìmù mìíràn tí neutrophil máa ń kó wá. Ibi tó ti yẹpẹrẹ ni pé èéfín tábà ń ba ojú tó fi ń di elastase mú jẹ́. Bí elastase bá sì bọ́, ó lè gé TIMP. Ìjánu kan já, ó já èkejì.

Egungun ńkọ́? Ṣé ẹ́ńsáìmù ń jẹ òun náà?

Ásíìdì ló ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ajẹgungun á lẹ̀ mọ́ ojú egungun, á pọ ásíìdì sábẹ́ ara rẹ̀, ohun líle inú egungun á yọ́, kọ́lájìn tó kù á wà ní ìhòòhò, ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń pè ní cathepsin K á sì gé e. Ìjánu wà níhìn-ín náà: RANKL ni àṣẹ tó ń gbé sẹ́ẹ̀lì ajẹgungun dìde, osteoprotegerin ló sì ń gba àṣẹ náà lójú ọ̀nà kó tó dé. Bí èrìgì bá ń wú fún ìgbà pípẹ́, RANKL á borí.

Kí ló dé tí kò fi ń dun èèyàn?

Torí pé ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ọ̀yún àti omi inú rẹ̀ sì rí ibi jáde. Àmì rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ lára búrọ́ọ̀ṣì, òórùn ẹnu tí kò lọ, àti eyín tó dà bí ẹni pé ó ń gùn sí i.

Àmì tí dókítà eyín ń wò yàtọ̀. Ó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fa ìlà ìwọ̀n sí lára, ó ń rọra tì í bọ àárín eyín àti èrìgì. Ẹ ó gbọ́ tó ń pè é fún ẹni tó ń kọ̀wé: "méjì, mẹ́ta, méjì, mẹ́fà." Mìlímítà ni. Ọ̀kan sí mẹ́ta dára. Bó bá ti di mẹ́rin sókè, àpò ti ń ṣí nìyẹn. Ibi tó ti pe mẹ́fà yẹn, okùn ti já níbẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì yín kò sì lè dé ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ jẹ́ ká kúkú fi oògùn pa gbogbo ẹ́ńsáìmù wọ̀nyí.

Ẹ má dán an wò. Àwọn kan wà tí wọ́n bí tí ara wọn kò lè jí elastase àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dìde. Papillon-Lefèvre lorúkọ àìsàn náà, jíìnì cathepsin C, ẹ́ńsáìmù tó yẹ kó jí wọn dìde, tó bàjẹ́ ló ń fà á. Bí ẹ́ńsáìmù bá jẹ́ ọ̀tá gbogbo ọ̀nà, èrìgì wọn ni ì bá dára jù láyé. Òdìkejì ni: láti kékeré ni àrùn èrìgì tó le ti ń mú wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni eyín wọn sì máa ń yọ dànù nígbà tí ẹgbẹ́ wọn kò tíì mọ̀ pé eyín ń mì. Nínú eku tí wọ́n yọ MMP-8 kúrò lára wọn, tí wọ́n wá fún ní P. gingivalis, egungun bàjẹ́ ju ti eku tó ní in lọ. Ara nílò ọ̀bẹ yìí láti fi jà, láti fi wo ọgbẹ́, láti fi pààrọ̀ okùn tó ti gbó.

Àwọn tó ń tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ náà ti kọ́gbọ́n nípa rẹ̀. Marimastat, oògùn tó ń dènà ọ̀pọ̀ MMP lẹ́ẹ̀kan náà, fa ìrora oríkèé àti iṣan fún àwọn tó lò ó. Ohun tí a ń wá ni kí ọ̀bẹ padà sínú àkọ̀ níwọ̀n tó yẹ.

Oògùn wo ló wà fún un nígbà náà?

Doxycycline, oògùn apakòkòrò, ni, ṣùgbọ́n lọ́nà tí ẹ lè má rò. Ìtàn rẹ̀ dùn. Lorne Golub àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Stony Brook, New York, ń wo èrìgì eku tó ní àtọ̀gbẹ. Ẹ́ńsáìmù tó ń gé kọ́lájìn pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n fún eku ní minocycline, mọ̀lẹ́bí doxycycline, pẹ̀lú èrò pé bakitéríà ni yóò pa, tí ẹ́ńsáìmù yóò sì rọlẹ̀. Ó rọlẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ó tún rọlẹ̀ nínú eku tí kò ní bakitéríà kankan lára. Iṣẹ́ apakòkòrò kọ́ nìyẹn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1983.

Ẹ rántí síǹkì. Ìdílé oògùn yìí máa ń di síǹkì àti kálísíọ̀mù mú, ojú ọ̀bẹ gan-an ni ó sì ń lọ. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ìwọ̀n tó kéré gan-an tó láti dá ẹ́ńsáìmù lẹ́kun láìpa bakitéríà: mílígíráàmù 20, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, fún oṣù 3 sí 9. Ní 1998 ni àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, kí wọ́n máa lò ó pẹ̀lú fífọ ìdí eyín.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Díẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín Amẹ́ríkà gbà á wọlé nínú ìlànà wọn ní 2015. Ìlànà àwọn ará Yúróòpù tó jáde ní 2020 ní kí wọ́n má fi kún ìtọ́jú. Ní ojú tèmi, ohun tí àwọn ará Yúróòpù sọ bá ọgbọ́n mu fún ọ̀pọ̀ èèyàn: èrè rẹ̀ kéré sí wàhálà gbígbé oògùn mì fún oṣù gbọọrọ.

Mo ní doxycycline onímílígíráàmù 100 nílé. Ṣé kí n máa gé e sí márùn-ún?

Rárá. Ohun tí ẹ ó gé kò ní dọ́gba, ìwọ̀n tí ẹ ó sì máa mu lè wà láàárín méjèèjì: ó pọ̀ ju ti ìjánu lọ, kò tó láti pa bakitéríà. Irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ló ń kọ́ bakitéríà láti borí oògùn. Aláboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 kò gbọ́dọ̀ lò ó láìjẹ́ pé dókítà ní ìdí pàtàkì, torí ó ń yí àwọ̀ eyín ọmọ padà.

Omi ìfọnu aláchlorhexidine ńkọ́?

Nínú ìgò àyẹ̀wò, ó ń dá MMP lẹ́kun. Nínú ẹnu, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni pípa bakitéríà, kì í sì í wọ inú àpò tó jìn. Bó bá pẹ́ lẹ́nu, ó ń sọ eyín di àwọ̀ ilẹ̀.

Ṣé àyẹ̀wò kan wà tó lè fi ẹ́ńsáìmù yìí hàn?

Ó wà. Ní Finland ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ ó fi omi yọ ẹnu, wọ́n á fi í sí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó jọ ti àyẹ̀wò oyún, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ìlà á jáde. Ìlà kan, ó dára. Ìlà méjì, MMP-8 tó ti bọ́ àkọ̀ sílẹ̀ ti pọ̀ jù. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó lè sọ pé ìjà ń lọ lọ́wọ́, nígbà tó jẹ́ pé irin olóǹkà yẹn ń sọ ohun tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Kò wá lè sọ eyín tó jẹ́, kò sì rọ́pò irin náà.

Kí ló dé tí àtọ̀gbẹ fi ń mú un le sí i?

Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ purotéènì ara, ohun tó ń tibẹ̀ jáde sì ń bí sẹ́ẹ̀lì nínú, tí ìjà á fi pọ̀ tí ìjánu á fi dín. Kọ́lájìn tuntun náà kì í tètè hù. Ọ̀rọ̀ náà tún ń yípo: èrìgì tó wú ń jẹ́ kí ṣúgà nira láti kápá. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, kí ó sọ fún dókítà méjèèjì.

Fítámì C ń ṣe nǹkan kan bí?

Òun ni ẹ́ńsáìmù tó ń lọ́ okùn kọ́lájìn ń lò. Ẹni tí kò ní in tó, èrìgì rẹ̀ á máa ṣẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ní in tó tẹ́lẹ̀, àfikún rẹ̀ kò lè bo ìdọ̀tí mọ́lẹ̀.

Ohun tó ti bàjẹ́, ṣé yóò padà?

Èrìgì tó kàn wú lásán á padà pátápátá, bí ti àwọn èèyàn 12 ti Aarhus. Okùn àti egungun tó ti lọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í padà fúnra rẹ̀; ìjà náà ni a lè dá dúró. Fífọ ìdí eyín ló ń ṣe é: dókítà á ha ìdọ̀tí tó ti le bí òkúta kúrò lára gbòǹgbò, nínú àpò. Kò fọwọ́ kan ẹ́ńsáìmù kankan, síbẹ̀ MMP-8 á rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí neutrophil kò rí ẹni bá jà mọ́. Àpò mẹ́fà lè di mẹ́rin bí wíwú bá lọ tí ẹran sì tún lẹ̀ mọ́ eyín.

Èmi ń mu sìgá, èrìgì mi kì í sì í ṣẹ̀jẹ̀ rárá. Ṣé kò sí nǹkan kan nígbà náà?

Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín. Sìgá ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ èrìgì pọ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní jáde bó tilẹ̀ jẹ́ pé okùn ń já lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ amusìgá ló jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n fi sìgá sílẹ̀ ni èrìgì wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì rò pé fífi í sílẹ̀ ló ba ẹnu wọn jẹ́. Ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n ti irin olóǹkà yẹn bọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbọ́ nọ́ńbà tí wọ́n pè.